Ọ̀sẹ̀ Tí Mo Ń Retí Kí Ikùn Mi Wú

Irin àlùmọ́gàjí máa ń tutù lórí ahọ́n, ìtọ́wò rẹ̀ sì dà bíi ti ẹ̀jẹ̀ tó bá jáde lára eyín. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé mo ti lá a rí, lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan, nínú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ní àárín ìlú Ọ̀wọ̀, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá. Àwa ọmọbìnrin mẹ́ta la lá a lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rù bà mí fún oṣù mélòó kan, irú ẹ̀rù tó máa ń bá ènìyàn jí, tó máa ń bá ènìyàn jẹun, tó sì máa ń jókòó ti ènìyàn nínú kíláàsì bí ẹni pé òun náà wá kọ́ ìṣirò.

Télọ̀ tó ni àlùmọ́gàjí yẹn ni bàbá ọ̀rẹ́ mi. Mùsùlùmí ni wọ́n, láti ayé bàbá rẹ̀ àgbà ni wọ́n sì ti ń ránṣọ nínú ilé náà. Akọ̀wé kóòtù ni bàbá tèmi, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni wá, èmi sì wà lára àwọn ọmọ tó ń kọrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ẹni tó rí nǹkan kan sí i pé a jọ ń rìn. Lọ́jọ́ Iléyá, mo máa ń gbé abọ́ lọ sílé wọn láìjẹ́ pé ẹnì kan pè mí. Lọ́jọ́ Kérésìmesì, òun ló máa ń kọ́kọ́ jókòó sídìí ìkòkò ìrẹsì wa. Lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ bàbá rẹ̀ la ti máa ń ṣa àjákù aṣọ, tí a ó fi rán ẹ̀wù fún àwọn ọmọlangidi wa. Òun ló máa ń gé aṣọ, èmi ni mo máa ń sọ ìtàn ibi tí ọmọlangidi kọ̀ọ̀kan ń lọ. Mo gbà nígbà náà pé bí a ó ṣe máa ṣe é títí a ó fi darúgbó nìyẹn, pé aṣọ náà ni yóò kàn máa tóbi sí i.

Ọdún tí a wọ kíláàsì karùn-ún ni ọmọ ọlọ́kọ̀ dé. Ìfọ́n ni bàbá rẹ̀ ń gbé. Ó ní ọkọ̀ akẹ́rù kan tó máa ń ti Ọ̀wọ̀ lọ sí Ìfọ́n, tí yóò sì gba ibẹ̀ lọ sí Bìní. Ó mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá sọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ kí ó lè parí ìwé rẹ̀. Ọmọ náà fi ọdún méjì jù wá lọ. Ó ń fi pàúdà sọ́rùn wá sílé ìwé, ó ń wọ bàtà nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn, ó sì ti dé Bìní lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tó bá ti sọ pé ó dára ló dára. Ó ní ọmọlangidi wà fún àwọn ọmọ tó ṣì ń tọ̀ sórí ẹní. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rẹ́ mi kó gbogbo tiwa fún àbúrò rẹ̀ láìbi mí. Ó ní orin tí mo máa ń kọ lójú ọ̀nà ń pariwo sí òun létí, mo dákẹ́. Ó ní tíṣà wa ń rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ lẹ́yìn tíṣà. Èmi náà ń rìn ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tíṣà yìí kan náà ló máa ń yá mi ní ìwé ìtàn lọ sílé. Mo máa ń sáré rẹ́rìn-ín kí àwọn méjèèjì tó rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má bàa rò pé ọ̀rọ̀ náà kò yé mi. Bí mo bá délé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á máa ro mí.

Ọ̀nà tí a ń gbà lọ sílé ìwé kò gbà ju ẹni méjì lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Tẹ́lẹ̀, èmi àti ọ̀rẹ́ mi la máa ń rìn ín. Nígbà tó yá, òun àti ọmọ ọlọ́kọ̀ ló wà níwájú, èmi wà lẹ́yìn, mo ń wo gìgísẹ̀ wọn. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù láyé nígbà yẹn ni pé kí wọ́n yíjú padà lọ́jọ́ kan, kí wọ́n wò mí, kí wọ́n sì rántí pé wọn kò nílò mi.

Ọmọ ọlọ́kọ̀ ló mú ọ̀rọ̀ ìbúra wá. Télọ̀ ti lọ kírun Jímọ̀, ṣọ́ọ̀bù sì wà fún wa. Ó ní àwọn ọmọbìnrin ní Bìní máa ń mulẹ̀ láàárín ara wọn, pé ẹni tí kò bá mulẹ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ó mú àlùmọ́gàjí ńlá tí télọ̀ fi ń gé aṣọ lórí tábìlì, ó ní irin ni, pé Ògún wà nínú rẹ̀.

“Ẹni tó bá tú àṣírí ẹnikẹ́ni nínú wa,” ó ní, “kí ikùn rẹ̀ wú, kó máa wú títí yóò fi bẹ́.”

Ó lá a. Ọ̀rẹ́ mi lá a. Mo rò ó pé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, pé Ọlọ́run ń wò mí láti òkè, Ògún sì ń wò mí láti inú irin, n kò sì mọ èwo nínú wọn ni yóò kọ́kọ́ mú mi. Ọ̀rẹ́ mi gbójú sókè, ó wò mí. Mo lá a.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ọmọbìnrin kan tó ti ìlú Ìdógùn wá, tí a ń pè ní ọmọ Ìdógùn, wọ kíláàsì wa. Ìyá rẹ̀ ti kú, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló wá ń gbé, obìnrin kan tó máa ń hun aṣọ, tí òfì ńlá rẹ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé. Ọmọ náà tín-ín-rín, ó máa ń sọ̀rọ̀ bí àwọn ará ìlú rẹ̀ ṣe ń sọ ọ́, bó bá sì dìde láti kàwé sókè, ọmọ ọlọ́kọ̀ á máa sín in jẹ lábẹ́ ẹnu títí gbogbo ìlà wa á fi máa mì. Mo máa ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé ìyá mi ti rán mi lọ sọ́dọ̀ ìyá ahunṣọ lọ́jọ́ Sátidé kan, pé mo bá ọmọ náà nídìí òfì, ó sì jẹ́ kí n jókòó ti òun, kí n fi ọwọ́ ara mi ti òwú kọjá. Ó bi mí bóyá mo mọ ìtàn kankan. Mo sọ ọ̀kan fún un. Ó ní kí n sọ òmíràn. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mo ń lọ síbẹ̀. Mo ń sọ ìtàn, mo ń kọrin sókè, kò sẹ́ni tó ní mò ń pariwo. Bí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé bá sì mọ́, màá gba iwájú rẹ̀ kọjá nílé ìwé bí ẹni tí kò rí i rí. Á wò mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á sì gbójú kúrò. Kò bi mí rí ohun tó fà á.

Ó ṣe, ó rẹ̀ ẹ́ láti máa gbójú kúrò. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí wọ́n lu agogo ìparí, ó rìn wá bá àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nídìí igi àgbálùmọ̀, ó ní òun náà fẹ́ máa bá wa rìn. Ọmọ ọlọ́kọ̀ ló kọjú sí nígbà tó ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé nítorí mi ló ṣe wá. Mo rò pé yóò ní, “Ṣebí ọmọ akọ̀wé máa ń wá sílé wa?” Kò sọ ọ́. Ọmọ ọlọ́kọ̀ wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ṣé o láyà?” ó bi í.

“Mo láyà,” ọmọ Ìdógùn dáhùn.

Ọkọ̀ bàbá ọmọ ọlọ́kọ̀ wà lẹ́yìn ilé ìyá àgbà rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti kó àpò àgbàdo kún un dé òkè, wọ́n sì ti fi tápólì bò ó, wọn kò tí ì dì í. Awakọ̀ ń jẹun lọ́wọ́ nínú ilé. Ọmọ ọlọ́kọ̀ gun ẹ̀yìn ọkọ̀, ó rá wọ abẹ́ tápólì, ó sì jáde wá. Ó ní òun ti fi ìnujú òun sórí àpò tó wà ní ìkángun, níbi tó súnmọ́ orí awakọ̀. Bí ọmọ Ìdógùn bá lè wọlé lọ mú un wá, ó ti di ara wa. Wọ́n ní kí èmi dúró sí igun ògiri, kí n súfèé bí ẹnikẹ́ni bá ń bọ̀. Ọmọ Ìdógùn bọ́ bàtà onírọ́bà rẹ̀, ó tò ó sílẹ̀ dáadáa lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó sì rá wọlé. Ìgbà tí gìgísẹ̀ rẹ̀ wọlé tán ni ọmọ ọlọ́kọ̀ yọ ìnujú náà láti inú àpò aṣọ rẹ̀, ó jù ú sókè, ó sì hán an. Kò fi nǹkan kan síbẹ̀.

Bí wọ́n ti ń dì mọ́ ara wọn nítorí ẹ̀rín, mo rí ọkùnrin tó máa ń di ẹrù ọkọ̀ tó ń bọ̀ pẹ̀lú okùn léjìká. Mo ti ká ètè mi jọ, èémí ti wà lẹ́nu mi. Ọmọ ọlọ́kọ̀ wò mí, ó fi ìka kan sórí ètè rẹ̀. Ó rò pé yóò dùn bí wọ́n bá dì í mọ́bẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó pariwo. Mo wo ọ̀rẹ́ mi. Ó mi orí sí mi pé rárá. N kò súfèé.

Ọkùnrin náà fa tápólì bolẹ̀, ó dì í pinpin. Kó tó di pé ẹnikẹ́ni nínú wa mí, awakọ̀ ti jáde, ó ń nu ẹnu, ó wọlé sọ́kọ̀, ẹ́ńjìnnì sì bú. Mo gbọ́ ohùn kan lábẹ́ ariwo náà, tàbí kó jẹ́ pé mo rò pé mo gbọ́ ọ. Ọkọ̀ mì, ó yí, ó gba ọ̀nà Ìfọ́n lọ. Bàtà onírọ́bà méjì ló kù nílẹ̀ níbi tí táyà wà.

Ẹ̀rín ti kúrò lójú ọmọ ọlọ́kọ̀. “Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ní àwọn máa lọ,” ó ń sọ ọ́ léraléra. “Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sọ.” Ọ̀rẹ́ mi bú sẹ́kún. Mo ní kí a sáré lọ sọ fún ìyá àgbà. Ọmọ ọlọ́kọ̀ gbá mi lọ́rùn ọwọ́ mú, ìka rẹ̀ tutù.

“Rántí àlùmọ́gàjí,” ó ní. “Kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan. A ò rí i lónìí.”

Ó ju bàtà náà sínú igbó.

Mo délé, mi ò lè jẹun. Mo rá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá mi, mo fi ẹ̀yìn ti ògiri, ohun tí mo sì ń rí níbẹ̀ ni inú ọkọ̀ yẹn. Mo rí òòrùn lórí tápólì. Mo rí àpò tó ń yẹ̀ tó ń ṣubú ní gbogbo ibi tí ọ̀nà bá ti rí gbágungbàgun. Mo rí igbó tó wà láàárín Ọ̀wọ̀ àti Ìfọ́n, tí wọ́n máa ń fi àwọn gbọ́mọgbọ́mọ inú rẹ̀ dẹ́rù bà wá bí a kò bá tètè sùn. Bí ọkọ̀ kò bá sì dúró ní Ìfọ́n ńkọ́? Yóò dé Bìní, níbi tí kò sí ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀, tí wọn ò tilẹ̀ ní gbọ́ èdè rẹ̀. Mo gbìyànjú láti gbàdúrà, ṣùgbọ́n n kò mọ bí ènìyàn ṣe ń bẹ Ọlọ́run nípa nǹkan tí kò fẹ́ kí Ọlọ́run mọ̀. Ikùn mi kùn. Mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, mo rò pé ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nítorí pé mo kàn rò ó lásán láti sọ.

Òòrùn ti ń rọlẹ̀ díẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ohùn ìyá ahunṣọ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá mi wà lójà, èmi nìkan ni mo wà nílé. Mo jáde sí i, mo kúnlẹ̀.

“Ọmọ akọ̀wé, ṣé ẹ rí ọmọ mi?” ó ní. “Láti ìgbà tí ẹ ti ṣíwọ́, kò tí ì délé.”

“A ò rí i, mà,” ni mo wí.

Ó wò mí pẹ́. Òwú aláwọ̀ aró lẹ̀ mọ́ apá rẹ̀ láti ìdí òfì tó ti dìde. N kò rí ìbínú kankan lójú rẹ̀, kò sì fura.

“Kò burú,” ó ní. “Ìdí tí mo fi kọ́kọ́ wá síbí ni pé ó ní ìwọ lọ̀rẹ́ òun. Kò ní ọ̀rẹ́ mìíràn nílùú yìí. Ọlọ́run á bùkún ẹ. Bí o bá rí i, ní kó máa bọ̀, èmi ò ní bá a wí.”

Ó yí padà, ó ń lọ, ó ń ya ilé tó tẹ̀ lé tiwa. Mo wà lórí orúnkún mi síbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó lù mí ni, ó dá mi lójú pé ǹ bá máa purọ́ náà lọ. Àdúrà tó ṣe fún mi ni n kò lè gbé.

Mo sáré lọ sílé télọ̀. Ọ̀rẹ́ mi wà lẹ́yìn ilé, ó ń fọ abọ́ tó ti mọ́.

“Wọ́n ti ń wá a,” mo sọ fún un. “Jẹ́ ká jọ lọ sọ ọ́. Bí àwa méjèèjì bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bóyá ìbúra yẹn ò ní mọ ẹni tó máa mú.”

“Bàbá mi á pa mí,” ó ní. “Irin bàbá mi la fi búra.”

“Yóò kú sínú ọkọ̀ yẹn.”

“Kò ní kú. Wọ́n á rí i ní Ìfọ́n.” Omi ń jáde lójú rẹ̀, ó sì ń fọ abọ́ náà lọ. “Bí o bá lọ sọ ọ́, èmi àti ìwọ ti parí nìyẹn. Mi ò ní bá ẹ sọ̀rọ̀ mọ́ láyé mi.”

Mo dúró níbẹ̀. Nínú ilé, ẹ̀rọ bàbá rẹ̀ ń dún, ó ń dúró, ó ń dún. Mo fẹ́ràn ọmọ yìí ju àbúrò mi lọ, mo sì mọ̀ pé kì í sọ ohun tí kò ní ṣe. Mo ní, “Ó dàárọ̀,” bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojúmọmọ ṣì ni. Mo sì kọrí sí kóòtù, níbi tí bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀nà kóòtù kò jìn, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni mo yíjú padà kí n tó dé ibẹ̀. Ẹni líle ni bàbá mi. Àwọn ẹlẹ́jọ́ máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí wọ́n bá wà níwájú tábìlì rẹ̀, àwa ọmọ rẹ̀ sì máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ jù wọ́n lọ. Kò sí èyí nínú wa tó jẹ́ wọ inú ọ́fíìsì rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n rán an. Mo wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, ìbẹ̀rù ni kò jẹ́ kí n rántí pé kíkúnlẹ̀ ló yẹ mí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láti orí ilẹ̀ níbẹ̀: ìnujú, tápólì, okùn, àti ìfé tí n kò sú.

Kò bú mi. Ó gbé kálàmù sílẹ̀.

“Ìgbà wo ni ọkọ̀ náà kúrò?”

“Ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíwọ́ ni, sà.”

“Ìwọ lo ń ṣọ́ ọ̀nà?”

“Èmi ni, sà.”

Ó mú fìlà rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Èmi kò rí bàbá mi kí ó sáré rí. Ó gbàgbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sí ara ògiri kóòtù, ó ń fi bàtà aláwọ rẹ̀ sáré láàárín títì, àwọn ènìyàn ń yà fún un. Ọ̀dọ̀ Fádà ìjọ Àgùdà ló lọ, nítorí pé Fádà ló ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó súnmọ́ wa jù. Láti ọdún tí wọ́n ti jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ilé ìwé, orí lásán ni àwọn méjèèjì fi ń kí ara wọn. Lọ́jọ́ náà, mo rí bàbá mi tó fi fìlà sábẹ́ apá, tó ń bẹ̀ ẹ́. Fádà kò jẹ́ kí ó bẹ̀bẹ̀ tán tó fi mú kọ́kọ́rọ́. Wọ́n lọ gbé ìyá ahunṣọ, ẹsẹ̀ kan bàtà ló wọ̀ wọ inú ọkọ̀. Kò wò mí. Wọ́n lọ.

Wọn kò dé títí ilẹ̀ fi mọ́. N kò lè sọ bí mo ṣe lo àkókò náà, àfi pé mo ń fi ọwọ́ kan ikùn mi, tí mo sì ń fi etí sí títì. Nígbà tí ọkọ̀ Fádà yọ láàárọ̀, èmi àti ìyá mi sáré jáde. Ọmọ Ìdógùn wà lẹ́yìn, orí rẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, apá òsì rẹ̀ sì wà nínú igi àti báńdéèjì. Wọ́n bá ọkọ̀ akẹ́rù náà ní Ìfọ́n bí ó ti ń múra àtilọ sí Bìní. Àpò kan ti ṣubú lé e lápá, apá náà sì kán. Ó ti pariwo títí tí ohùn rẹ̀ fi lọ, débi pé nígbà tí wọ́n tú okùn, kò lè dá wọn lóhùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń mì ni wọ́n fi mọ̀ pé ó wà láàyè. Bàbá mi ní bó bá dé Bìní nínú ooru yẹn ni, òun kò mọ̀ bóyá ìbá wà láàyè.

Wọ́n na àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níwájú gbogbo ilé ìwé. Wọ́n na èmi náà, ó sì tọ́ sí mi. Kó tó di òpin ọ̀sẹ̀, bàbá ọmọ ọlọ́kọ̀ wá mú un padà sí Ìfọ́n, n kò sì fojú kàn án mọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì, tí wọ́n ti máa ń bẹ̀rù rẹ̀, ti gbàgbé ìyẹn lójú ẹsẹ̀. Èmi ni wọ́n ń pè ní olófòófó. Bí mo bá dé, ọ̀rọ̀ á dákẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kó ìwé rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó lọ jókòó lẹ́yìn. Ó mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ.

Ṣùgbọ́n ojú tí wọ́n ń fi wò mí kọ́ ló bà mí lẹ́rù jù. Ikùn mi ni. Mo wá okùn kan, láràárọ̀ ni mo sì fi ń wọn ìbàdí mi kí ẹnikẹ́ni tó jí. Mo ta kókó sí ibi tó dé lọ́jọ́ kìíní. Bó bá kọjá kókó náà díẹ̀, màá lọ sẹ́yìn ilé lọ sunkún. Bó bá dín, màá gbà pé ó ń sinmi kó lè wú dáadáa. Mo ti yan ẹni tí n ó fún ní ìwé orin mi. Lọ́jọ́ Àìkú ìkórè, ìyá mi gún iyán, mo jẹ ẹ́ nítorí pé mo rò pé ó lè jẹ́ èyí tí màá jẹ kẹ́yìn, mo sì bù ú lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí mo wọn ikùn mi lẹ́yìn oúnjẹ, okùn náà kò kàn. Ó ti ṣẹlẹ̀. Mo jókòó, mo sì pinnu pé kí n tó bẹ́, mo gbọ́dọ̀ lọ bẹ ọmọ Ìdógùn. N kò tí ì láyà láti wò ó lójú láti ìgbà tó ti dé.

Ó wà lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì. Ohùn rẹ̀ ṣì ha. Mo kúnlẹ̀ fún un bí ẹni pé àgbàlagbà ni.

“Ìwọ lo dúró sí igun ògiri,” ó ní. “Mo ń retí kí o súfèé. Kí ló dé tí o ò súfèé?”

“Ẹ̀rù bà mí,” ni mo wí.

“Ẹ̀rù ba èmi náà,” ó ní.

Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ń ti òwú kọjá nídìí òfì, kò wo ibi tí a wà. Mo wá sọ fún ọmọ náà nípa àlùmọ́gàjí, àti ohun tí ìbúra náà sọ, mo sì gbé ẹ̀wù mi sókè díẹ̀ kí ó lè rí ikùn mi. Ó wò ó. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

“Kí lo jẹ lónìí?”

“Iyán.”

“Mélòó lo jẹ?”

Mo sọ fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ń dùn ún lápá, ó ń ní kí n má mú òun rẹ́rìn-ín mọ́. Ìyá ahunṣọ dá ọwọ́ dúró. Ó ní kí n jókòó dáadáa, pé ilẹ̀ náà le.

N kò lè sọ pé gbogbo nǹkan dára láti ọjọ́ náà. Ẹ̀rù ń bà mí fún ìgbà pípẹ́: ẹ̀rù ilé ìwé, ẹ̀rù àtirìn nìkan, ẹ̀rù irin. Ṣùgbọ́n mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin lójú ọ̀nà, kíkékeré ní àkọ́kọ́, nítorí pé kò sí ẹni níwájú mi tí yóò ní kí n dákẹ́. Mo dá ìwé ìtàn tíṣà padà, mo sì tọrọ àforíjì nípa ìrìn pẹ́pẹ́yẹ. Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́. Nígbà tí apá ọmọ Ìdógùn san, èmi àti òun la jọ ń lọ sílé ìwé.

Ọ̀rẹ́ mi kò padà wá. Ó kúrò nílé ìwé lẹ́yìn kíláàsì kẹfà, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ bàbá rẹ̀, ó sì di aránṣọ tó gbówọ́. Èmi di tíṣà. Nínú ìlú kan náà la dàgbà sí, a ń kí ara wa bí a bá pàdé, a ń béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ, a sì ń kọjá. Mo ti rò ó lọ́pọ̀ ìgbà pé kí n lọ jókòó tì í, kí a sọ ọ́. Ọdún ń gorí ọdún, mo ń sọ pé títí Iléyá, mo ń sọ pé títí Kérésìmesì.

Ó kú lọ́dún tó kọjá. Mo lọ sí fídáù ọjọ́ kẹjọ, mo jókòó lẹ́yìn láàárín àwọn obìnrin tí n kò mọ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà ló wá mú mi lọ síwájú. Mo ní kó má ṣe ìyọnu, pé a kàn jọ lọ sílé ìwé kan náà ni.

“Rárá o, Màmá,” ó ní. “Ìyá wa máa ń dárúkọ yín fún wa. Nígbà tí a wà ní kékeré, tí a bá purọ́ fún wọn, wọ́n á ní àwọn á mú wa lọ sọ́dọ̀ yín, ká lọ purọ́ náà fún yín. Wọ́n ní àwọn ò lè purọ́ lójú yín. Wọ́n ní ìdí nìyẹn tí àwọn kì í fi dúró pẹ́ bí àwọn bá pàdé yín.”

Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, mo rò pé ìbínú ló ń mú un tètè kọjá. Mo di ọwọ́ ọmọ náà mú, ọwọ́ tó jọ ti ìyá rẹ̀ gan-an, mo sì jókòó síwájú níbi tó fi mí sí, títí wọ́n fi ṣe àdúrà tán.